Ìṣubú Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n pa láṣẹ fún mi nílùú òyìnbó ni pé kí n máa pe ìyá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Megan ni orúkọ rẹ̀, Megan ni kí o máa pè é. Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú ìyá náà, tí mo rí irun rẹ̀ tó funfun báláú àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti gbẹ mọ́ ọn léèékánná, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó wo ilẹ̀ yíká mi, ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí lò ń wá?"

"Mò ń kí yín ni, mà."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń kí gbogbo èèyàn?"

"Rárá, mà. Àwọn àgbà nìkan."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí n tètè dìde kí orúnkún mi má baà di yìnyín. Láti ọjọ́ náà, Màmá ni mò ń pè é, kò sì bá mi wí sí i rí. Bí ọ̀gá wa bá wà nítòsí, n kì í pè é ní nǹkan kan.

Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà tí mo kúrò nílé. Ìkòròdú ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú ilé tí ọmọ kì í ti í wo àgbà lójú bí àgbà bá ń bá a wí. Bàbá mi a máa kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní àdúgbò Agric níbẹ̀, ti onídìrí, ti oníkẹ́míìsì, ti ilé ìwé jẹ́léósinmi. Èmi ni mo máa ń po ọ̀dà fún un. Nígbà tó kú, mo ta àpò fóònù, mo kọ́ṣẹ́ kéèkì, mo ṣe akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, kò sí èyí tó gbé mi débì kankan nínú wọn. Bàbá ọmọ mi ti bá tirẹ̀ lọ kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tí ọ̀nà là fún mi, mo gbé Àríkẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo na ìka méjì sí i, mo ní, "Ọdún méjì péré. Bó bá ti pé, màá wá mú ẹ." Ó ka ìka náà, ó tún un kà, bí ẹni pé mo lè jí ọ̀kan níbẹ̀.

Ohun tí mo lọ wá nìyẹn. N kò lọ wá ọlà. Ọ̀gá wa ti ṣèlérí pé bí ọdún méjì bá pé láìsí àléébù kankan lórúkọ mi, òun máa kọ lẹ́tà tí màá fi bẹ ìjọba kí ọmọ mi lè wá bá mi. Ilé iṣẹ́ náà ló sì gbà mí wọ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ìlú náà fúnra rẹ̀ ti ní kí n máa lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo kórìíra ibẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Wales ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ England tó ní èdè tirẹ̀. Ìlú tí mo wà wà lábẹ́ òkè kan tí wọ́n ti fọ́ òkúta rẹ̀ títí ó fi dà bí eyín tó kán. Òkúta dúdú, òrùlé dúdú, òjò kì í dá. Lọ́jọ́ kan mo kí bàbá kan ní ibùdókọ̀, ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá pọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. N kò tún kí ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá ti fi ilé Màmá sílẹ̀, n kì í gbọ́ ohùn ara mi mọ́ títí di ọjọ́ kejì, àyàfi bí mo bá bá kẹ́tù tí mo fi ń se omi tíì sọ̀rọ̀, mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀. Yàrá mi wà lókè ilé tí wọ́n ti ń dín ẹja àti ọ̀dùnkún. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n bí ìyá mi sí ẹ̀yìn Ọjà Olúwo tí wọ́n ti ń ta ẹja, òórùn ẹja ló ń pa mí lẹ́kún nílẹ̀ àjèjì.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, nítorí náà ìró máṣíìnì rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn Àríkẹ́.

"Mọ́mì, ó ku mélòó?"

"Ó ku oṣù mọ́kànlélógún."

"Ṣé ó pọ̀?"

"Kò pọ̀."

"Ẹ kà á fún mi."

Mo kà á. Kí n tó dé mẹ́sàn-án, ó ti sá lọ ṣeré, mo sì ń bá a lọ, mò ń kà á fún máṣíìnì. Nígbà tó di ọdún kejì, kò béèrè mọ́. Á kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," á sì gbé fóònù fún ìyá àgbà rẹ̀. Ìyá mi ní kí n má dá a lóhùn, pé ọmọdé ni. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, torí pé ọmọdé tètè máa ń gbàgbé.

Màmá ló gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́tù. Ayàwòrán ni, òǹkọ̀wé sì ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ ló máa ń sọ ìtàn ayé rẹ̀, kì í sì í tò ó. Lónìí á wà ní ọmọ ogún ọdún, lọ́la á ti di opó. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó fọ́ òkúta òkè yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwo oúnjẹ, ó ń ya òdòdó kan náà sí etí àwo láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun ya òdòdó yẹn títí òun fi ń rí i lójú àlá. Ó sá kúrò níbẹ̀, ó lọ ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fáwọn onílé ọtí àti oníṣọ́ọ̀bù létí òkun. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo dá ọṣẹ dúró.

"Màmá, iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn!"

"Ṣé ó máa ń fa ìlà kó tó kọ lẹ́tà?"

"Rárá, mà. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n."

"Alágídí," ó wí, ó sì mi orí bí ẹni tó mọ bàbá mi.

Lẹ́yìn sáìnbọ́ọ̀dù, ó tẹ̀lé àwọn onítíátà kan, ó ń ya igbó àti ààfin sára aṣọ ńlá ẹ̀yìn orí ìtàgé fún wọn. Lọ́jọ́ tí òṣèré kan ṣàìsàn, wọ́n tì í síwájú èrò, ó gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹlòmíràn. Wọ́n lé e. Ó lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ àwòrán, ó jẹ́ kí wọ́n ya olùkọ́ àgbà bíi tòlótòló, wọ́n tún lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lédè Welsh, èdè àwọn baba rẹ̀, nípa àwọn ará àdúgbò, àwọn ará àdúgbò sì yan odì sí i fọ́dún méjì. Ó kọ ìwé fáwọn ọmọdé. Ó kọ ìwé ìtàn kan nípa bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò kọ nǹkan kan mọ́, òkè nìkan ló ń yà, òkè lọ́nà oríṣiríṣi, títí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ fi kún. Àwọn ayàwòrán ní òǹkọ̀wé ni. Àwọn òǹkọ̀wé ní ayàwòrán ni. Oníròyìn kan wá lọ́jọ́ kan, ó bi í pé èwo gan-an ló jẹ́ nínú méjèèjì. Màmá tọ́ka sí mi, ó ní, "Bi obìnrin tó ń wẹ̀ mí. Òun ló rí gbogbo rẹ̀." Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún ìtìjú.

Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Nílé tiwa, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tó fi í sílẹ̀, wọ́n á ní kò lójú iṣẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi lójú mi. Ìyá yìí wá wà níwájú mi, ó ti ṣe mẹ́fà, wọ́n ti lé e níbi mélòó kan, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tó gún mi. Ó ní nígbà tí òun wà níléèwé, bí ọmọ kan bá sọ Welsh, olùkọ́ á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìyà sì ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri inú mi kí n tó lè sọ fún un pé nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe akọ̀wé ní Ìkòròdú, èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Mo ní ìwé kan fún un. Mo máa ń fi rúlà fa ìlà rẹ̀ kó lè dán mọ́rán.

Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi.

"Àwọn bíi tìẹ ló kọ orúkọ mi nígbà náà," ó wí.

"Ẹ má bínú, mà."

"Èdè wo lo fi ń bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Yorùbá, mà."

"Ó dáa," ó wí. "Fún mi ní táwẹ́ẹ̀lì."

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn náà ló bí àwòrán. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi pè mí láti etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó gbé fóònù sókè kí n lè rí Àríkẹ́ tó ń fẹsẹ̀ gbá omi. Màmá yọjú léjìká mi. Kí ó tó rí nǹkan kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a tó ti gbé kánfáàsì ńlá kan kalẹ̀, ó ga ju èmi alára lọ, ó sì ti ya omi dúdú rẹ́súrẹ́sú sí i pẹ̀lú òkè mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀pẹ́ rẹ nìyí," ó wí.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sí òkè níbẹ̀."

"Kí ló wá wà ní ìparí rẹ̀?"

"Kò ní ìparí, mà. Omi ni, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run. Omi náà kò sì dúdú báyìí. Ó ń dán. Funfun ni gbogbo rẹ̀, omi àti ojú ọ̀run, ó máa ń dùn lójú."

Ó gbọ́ mi bí ọmọ iléèwé ṣe ń gbọ́ ti tíṣà. Ó pa àwọn òkè náà rẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ń béèrè, tí mò ń dáhùn: báwo ni ọkọ̀ ṣe gùn tó, àwọ̀ wo ni okùn àwọ̀n, níbo ni oòrùn ń gbà yọ. Ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí n kọ orúkọ sára ọkọ̀ kan. Mo fojú wọ̀n ọ́n bíi ti bàbá mi, mo kọ ÀRÍKẸ́, mo fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i. Lẹ́tà náà dúró ṣinṣin. Mo rìn padà sílé lọ́jọ́ yẹn, mo kí èèyàn mẹ́rin lójú ọ̀nà, méjì sì dá mi lóhùn.

Bí mo bá wo àwòrán náà, mo máa ń ní, "Màmá, ojú ọ̀run kò tíì tó. Ó kù lókè." Èmi ni mo sọ ọ́. N kò lè purọ́ fún yín.

Ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún méjì mi pé. Ọjọ́ Ajé ni. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń po tíì, nígbà tí mo gbọ́ ìró kan nínú yàrá iṣẹ́, ìró kan ṣoṣo. Mo sáré dé ibẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀, àpótí tó gùn láti lè kan òkè àwòrán ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà funfun wà ní gbogbo ara aṣọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀yìn orí.

"Màmá! Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ẹ̀jẹ̀. Gbé mi dìde."

Mo wò ó dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé e sórí àga. Mo wá yíjú sí ìwé aláwọ̀ búlúù tó wà lórí tábìlì, ìwé tí à ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, tí ọ̀gá wa àti nọ́ọ̀sì ń kà. Ó rí ibi tí ojú mi lọ.

"Má kọ ọ́."

"Màmá, òfin ni."

"Bí o bá kọ ọ́, wọ́n á ní n kò lè dá gbé mọ́. Wọ́n á kó mi lọ sílé àwọn arúgbó, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní pẹ́ńsù aláwọ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi. Jẹ́ kí n parí omi yìí." Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti inú irú ilé tí mo ti jáde wá ni ó máa yé. Àgbà kì í bẹ ọmọdé. Bí ó bá wá bẹ̀ ọ́, tí ó fọwọ́ kàn ọ́ bẹ̀ ọ́, o ò tún lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rù tèmi náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n á béèrè pé níbo ni mo wà nígbà tó gun àpótí, kí ni mo sọ fún un tó fi gùn ún. Àléébù nìyẹn, lẹ́tà tí ọ̀gá mi fẹ́ kọ fún ọmọ mi á sì di èéfín. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pè é ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà.

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Megan jẹun dáadáa. Ó ya àwòrán. Kò sí ìṣòro." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ orúkọ rẹ̀ lásán nìyẹn tí kò sì ni mí lára.

Ọjọ́ kẹta, ó ní orí ń fọ́ òun. Ọjọ́ kẹrin, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú tíì, ó sì ń fi rò ó. Ó bá mi sọ Welsh, nígbà tí mo ní n kò gbọ́, ó tún un sọ ní Welsh. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó dé, ó tan iná sí i lójú, ó ṣí ìwé aláwọ̀ búlúù, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ó ti ṣubú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?" ó bi mí.

Màmá ń wò mí. Nínú ohun gbogbo tó ti ń sá kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn kò tíì kúrò, ó mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Ìwé wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ìwé sì ti jẹ́rìí gbè mí. Ohun tó kù ni kí n sọ pé rárá. Mo rí ìka méjì tí mo nà sí Àríkẹ́. Mo rí i kedere, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló nà án sí mi.

"Ó ṣubú," mo wí. "Ọjọ́ Ajé. Orí ló fi gbá ilẹ̀."

Màmá pa ojú dé.

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ṣí agbárí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó ti dì síbẹ̀. Dókítà ní bí ilẹ̀ bá tún fi lè mọ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan sí i, òkú là bá gbé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni ilé iṣẹ́ pè mí.

Ọ̀gá wa àti obìnrin kan tí n kò rí rí jókòó síwájú mi. "Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

"Òun ló ní kí n má kọ ọ́."

"Ta ni ọ̀gá rẹ, àwa tàbí òun?"

"Àgbà ni," mo wí.

Obìnrin kejì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí bí bírò rẹ̀ ṣe ń lọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀gá wa nu ojú nígbà tó ń sọ pé kí n dá káàdì iṣẹ́ mi padà. Ó ní ìyá náà ìbá ti kú, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, nítorí náà n kò rí nǹkan kan bínú sí àyàfi ara mi.

Ìjọba fún mi láyè díẹ̀ láti wá ẹni tó máa tún gbà mí síṣẹ́. Mo kọ̀wé, mo pè, mo rìn nínú òjò láti ilé àwọn arúgbó kan dé òmíràn. Gbogbo wọn ló gbà mí tẹ̀ríntẹ̀rín títí wọ́n á fi béèrè ìwé ẹ̀rí láti ibi tí mo ti kúrò. Mo gba ààwẹ̀, ìgbà tó yá n kò mọ̀ bóyá ààwẹ̀ ni tàbí oúnjẹ ni kò wọlé mọ́. Obìnrin ọmọ Ṣàgámù kan tí mo pàdé lójú ọ̀nà ní kí n farapamọ́ sí ìlú ńlá, pé iṣẹ́ àwo fífọ̀ pọ̀ níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo rò ó. Mo rò ó gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó farapamọ́ kò lè mú ọmọ wá sí ibi tó sápamọ́ sí láéláé. Mo jókòó sórí ilẹ̀ yàrá mi, mo pariwo sínú ìrọ̀rí, wọ́n ń dín ẹja nísàlẹ̀.

Kí n tó lọ, mo lọ kí Màmá. Ibi tó ń bẹ̀rù yẹn gan-an ni wọ́n gbé e sí. Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, Welsh nìkan ló kù, àwọn tó sì ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ kan. Wọ́n ń dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ ọwọ́ lóhùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. N kò rí ìdí tí mo fi ní láti sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí," mo wí ní Yorùbá. "Mo sọ ohun tí ẹ ní kí n má sọ. Kò sì yẹ kí n ti gbà fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ní ojú ọ̀run kò tó. Wọ́n ti lé mi. Ọmọ mi ń retí mi, n kò mọ ohun tí màá bá a sọ."

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá dá mi lóhùn ní Welsh, ó pẹ́, ó ń gbé ọwọ́ sókè sódò, ó dúró níbi kan kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tó tọ́. Bóyá ó dárí jì mí ni. Bóyá ó ṣépè fún mi ni. N kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, títí di òní yìí n kò mọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó kọjú sí ògiri.

Mo dé Ìkòròdú, n kò sì lè dé Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi sá pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Agric. Ojú ń tì mí láti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àpò fóònù kọjá. Wọ́n pè mí ní "àǹtí ìlú òyìnbó" níbi tí mo ti ń ra omi, mo yíwọ́ padà bí olè. Ní Wales, ibi tí mo ti wá ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Nílé, ibi tí mo lọ ni. N kò rí ibì kankan tí wọ́n ti fi èmi gan-an dá mi mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ jókòó ní Ipakodo, létí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Mo wo ọ̀sà. Omi náà kò funfun. Ó dúdú rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú eruku ọyẹ́ lórí rẹ̀, ojú ọ̀run sì wà nílẹ̀ gan-an, ó súnmọ́ orí àwọn ọkọ̀. Mo wò ó, mo tún un wò, mo ní bóyá ojú mi ni. Àwọ̀ tí Màmá kọ́kọ́ kùn ún nìyẹn, kó tó di pé mo kọ́ ọ ní irọ́. Èmi ọmọ ilẹ̀ yìí ni mo purọ́ fún un, láìmọ̀, nítorí pé àárò ń sọ mí. Orí irọ́ yẹn ló sì ti ṣubú. Mo sunkún níwájú àwọn ọlọ́kọ̀, obìnrin kan sì bu omi fún mi pé kí n fi bọ́jú.

Mo ti sọ gbogbo òótọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Òun kò sọ fún Àríkẹ́ ju pé, "Mọ́mì ẹ ń bọ̀." Ìyókù, ọmọ náà rò ó fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá ní Ẹ̀pẹ́, ó jókòó sí iwájú ilé lórí báàgì kan, ó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò fò mọ́ mi.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Mo ti ṣe tán."

"O ti ṣe tán kí ni?"

"Mo kà á, mọ́mì. Ó pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti dágbére fún gbogbo kíláàsì wa. Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sáàyè mi." Ó wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé ọ̀la la máa wọ bàálù?"

Ìyá mi ti jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó sì sọ ọ́ sí mi létí pé, "Má tíì sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó jẹun ná, jẹ́ kó sùn. Ọ̀la ń bọ̀."

Ìyá mi ni. Ó fọwọ́ kàn mí bẹ̀ mí.

"Ẹ má bínú, mà," mo wí fún un. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi kí ojú wa lè dọ́gba. "Àríkẹ́, a ò lọ síbì kankan. Mo ṣe nǹkan tí kò dáa níbi iṣẹ́, wọ́n sì lé mi. Ìwé tí mo fẹ́ fi mú ẹ, n kò rí i gbà. Mo ṣèlérí fún ẹ, n kò lè mú un ṣẹ."

Kò sunkún. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń ka nǹkan.

"Ṣé ẹ̀yin náà ò ní padà mọ́?"

"Mi ò ní padà mọ́."

Ó dìde lórí báàgì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọlé, mo sì gbọ́ ọ tó ń kó aṣọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tún yọjú, ìbéèrè kan ló bi mí.

"Ta ló máa wá sọ fún tíṣà wa?"

"Èmi ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú un lọ́wọ́, a jọ rìn dé iléèwé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti rí i láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ní ẹnu géètì, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú tèmi.

"Ẹ dúró síta, mọ́mì," ó wí. "Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé mò ń lọ. Èmi ni màá sọ fún wọn pé mi ò lọ mọ́."

Ó wọlé. Mo dúró síta.